Àrọ̀ mi ti tó gíráàmù 600: ṣé kí n tà á báyìí, àbí kí n bọ́ ọ dé kílò kan?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ayépé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àrọ̀ ni mò ń bọ́, nínú kòtò tí a gbẹ́ sí àkùrọ̀ bàbá mi lẹ́yìn Ayépé. Ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja ni mo kó sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. A fa àwọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a sì ṣe kà á, nǹkan bí 800 ló kù. A wọn díẹ̀ nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní gíráàmù 600 tàbí kó lé díẹ̀.

Ohun tó gbé mi dé ibí rèé. Àpò oúnjẹ oníkílò 15 tí mò ń rà ti di ₦30,000. Alájàpá kan wá láti Ṣàgámù, ó ní òun á san ₦2,600 lórí kílò bó ṣe wà yìí, ṣùgbọ́n bó bá di kílò kọ̀ọ̀kan, òun á san ₦3,000. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò lè ra ju àpò mẹ́wàá lọ. Ọkọ mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ tà, kí ẹja má bàa jẹ owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Àbúrò mi ọkùnrin ní ẹni tó bá ta ẹja kéékèèké, ẹni tó rà á ló máa jèrè. Iléyá sì ń bọ̀. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn.

Bàbá Odògbolú
Ìyáwa, ẹ tà á. Àkùrọ̀ lẹ wà, òjò oṣù kẹfà àti ìkeje sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Tí omi bá kún bo etí kòtò lóru ọjọ́ kan, ẹ ò ní rí ẹni bẹ̀. Owó kékeré tó wọlé sàn ju ńlá tó wà nínú omi lọ. Ohun tí ọkọ yín sọ dára.

Oníṣirò Ìjẹ̀bú-Òde
Bàbá, mo gbọ́ ti òjò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ká tó pinnu. Iye tí ìyá dárúkọ ni mo máa lò. Ẹni tí ọjà ìlú tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó fi tirẹ̀ dípò.

Tí wọ́n bá tà á lónìí: ẹja 800, gíráàmù 600, kílò 480 nìyẹn. Lórí ₦2,600, ó jẹ́ ₦1,248,000.

Tí wọ́n bá bọ́ ọ dé kílò kan: kílò 800, lórí ₦3,000, ó jẹ́ ₦2,400,000. Àlékún owó jẹ́ ₦1,152,000.

Kí ni àlékún yẹn máa jẹ? Kílò 320 ni ẹja gbọ́dọ̀ fi sanra sí i. Oúnjẹ wọn, ₦30,000 pín sí kílò 15, ₦2,000 ni kílò kan. Tí kílò oúnjẹ kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá (1.4) bá ń di kílò ẹran kan, oúnjẹ kílò 448 ni wọ́n máa jẹ, ₦896,000. Ó ku ₦256,000. Tó bá jẹ́ 1.5, oúnjẹ kílò 480 ni, àpò 32, ₦960,000. Ó ku ₦192,000. Ṣùgbọ́n tó bá lọ di 1.8, oúnjẹ kílò 576 ni, ₦1,152,000 gẹ́lẹ́. Gbogbo àlékún owó yẹn ti padà sọ́wọ́ olóúnjẹ, ìyá ti ṣiṣẹ́ lásán fún oṣù kan àbọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Kì í ṣe ẹran tó kún nìkan ló ń mówó wá. ₦400 tí alájàpá máa fi lé e, orí gbogbo kílò ló máa fi lé, títí kan 480 tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan jẹ́ ₦192,000. Nítorí náà, kí ẹ tó ra àpò kankan, ẹ rí i dájú pé ₦3,000 yẹn dúró. Tó bá jẹ́ ₦2,600 kan náà ló máa san lórí ẹja kílò kan, ẹ má bọ́ ọ mọ́ rárá.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè
Ìṣirò ẹ̀gbọ́n Oníṣirò dáa, àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló gbójú fò.

Àkọ́kọ́, ó ka ẹja 800 wọlé, ó tún ka 800 jáde. Kò sí ẹja tó kú, kò sí èyí tí ẹyẹ gbé, kò sí èyí tí olè fi àwọ̀n kó. Ẹ yọ ogójì sílẹ̀ ó kéré tán, kílò ogójì nìyẹn, ₦120,000.

Èkejì, ta ló ń ṣọ́ kòtò náà? Ta ló ń gbé àpò láti ojú títì dé àkùrọ̀? Owó ọ̀kadà, owó ọmọ iṣẹ́, owó láìmù (ẹfun tí a ń dà sí kòtò). Tí a bá yọ gbogbo ìwọ̀nyí, ₦192,000 tó ṣẹ́ kù ní 1.5 yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹ̀kẹta ni mo tiẹ̀ kà sí jù. Ìyá, báwo lẹ ṣe ka 800? Inú kòtò amọ̀, àrọ̀ máa ń rì mọ́ ẹrẹ̀ tí àwọ̀n bá ń bọ̀, àwọ̀n á sì gba orí wọn kọjá. Bí ẹ kò bá fa omi gbẹ, àbá lásán ni 800. Ó lè jẹ́ 900, ó sì lè jẹ́ 650. Bó bá jẹ́ 650 tí ẹ sì ń da oúnjẹ 800 sílẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ni owó yín ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹrà, tó ń ba omi jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, àpò mélòó lẹ ti fi bọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ayépé
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ní ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí. Àpò 42 ni títí di àná, oníkílò 15 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ kò wọ́n tó báyìí. Òótọ́ ni pé a ò fa omi gbẹ, a kàn fa àwọ̀n títí tí kò fi kó nǹkan kan mọ́. Àwọn tó dín, mi ò rí òkú wọn lójú omi, ó jọ mí lójú. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn tí a fà jáde gùn ju apá mi láti orí ìka ọwọ́ dé ìgúnpá lọ, àwọn mìíràn ò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Oníṣirò Ìjẹ̀bú-Òde
Àpò 42 jẹ́ kílò 630. Ẹ pín in sí 480, ó jẹ́ 1.3. Ẹ kú iṣẹ́, kò burú rárá, pàápàá tí àwọn tó sọnù ti jẹ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Àmọ́ ẹ má retí 1.3 mọ́ láti ibi tí ẹ wà yìí lọ. Bí ẹja bá ṣe ń tóbi ni oúnjẹ tó ń fi gbé ara rẹ̀ lásán ń pọ̀ sí i, ìwọ̀nba ló ń di ẹran. 1.5 ni kí ẹ fi sọ́kàn. Mo sì gba ohun tí àbúrò mi Àgọ́-Ìwòyè sọ nípa ikú àti ọmọ iṣẹ́.

Abọ́mọẹja Ìlàpòrú
Ìyá, ẹ ò lè rí òkú wọn, torí inú àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n wà. Ọmọ ẹja ni mo ń tà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Èyí tó bá ti fi díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti kékeré, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì láti orí wá, ohun tó sì ń mú un tóbi sí i nìyẹn. Èyí tó gùn tó apá yín yẹn, àwọn arákùnrin rẹ̀ ló jẹ. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni a ń yà wọ́n, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Ẹni tó ra ọmọ ẹja olówó pọ́ọ́kú tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, inú kòtò ló ti máa san ìyókù owó náà.

Ọlọ́jà Sábó
Ẹ káàsán o. Èmi ń rà ní Sábó, Ṣàgámù, mi ò bọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ wa, torí mo rí i pé ẹ̀yin tó ń bọ́ ẹja máa ń rò pé a kàn ń yọ owó lórí yín ni.

Oníbàárà méjì ni mo ní. Àwọn tó ní ilé pẹpẹsúùpù àti òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ èyí tó jẹ́ kílò kan tàbí kó lé díẹ̀, torí abọ́ kan ni wọ́n ń tà á, orí á wà níbẹ̀, ìrù á wà níbẹ̀. Àwọn tó ń yan ẹja fẹ́ èyí tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ kílò kan, torí ó tètè gbẹ, ó sì wuyì nínú páálí. Ẹja oní-600 wà láàárín méjèèjì. Ó ti tóbi jù fún ẹni tó ń yan án, kò sì tíì tó fún ẹni tó ń se é. Ìdí tí a fi ń dín owó rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwà ìkà. Ìyá ìbá ti tà á nígbà tó pé oṣù mẹ́ta fún àwọn tó ń yan ẹja, oúnjẹ díẹ̀ ni ì bá jẹ, ì bá sì ti tún kó òmíràn sí kòtò. Ẹni tó bá ti wá kọjá ibẹ̀, kó ṣe sùúrù dé kílò kan.

Ti Iléyá: ẹ má gbọ́kàn lé e. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹran àgbò ló wà nínú ìkòkò gbogbo èèyàn, àti Mùsùlùmí àti aládùúgbò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ọjà ẹja máa ń dákẹ́ ni.

Ọmọ Ìta Ọ̀ṣín
Ìyá Sábó, ti Ṣàgámù lẹ sọ yẹn, mi ò jà. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Àwọn regberegbe (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra) ń bọ̀ láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti òkè òkun, òtẹ́ẹ̀lì kún, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ohun mímu tútù kún, ẹran àgbò sì ti sú wọn dé ìgbà yẹn. Ẹja tútù ni wọ́n ń béèrè. Àwọn tó ní ibi ìgbafẹ́ máa ń fowó sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ìyá Ayépé kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ló dé tí wọ́n fi máa dúró de alájàpá Ṣàgámù? Kí wọ́n lọ bá ilé ìgbafẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fúnra wọn, kí wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń rà á.

Ọlọ́jà Sábó
Òótọ́ ni ti Ojúde Ọba, mi ò rántí rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, kò lè gba kílò 800. Ilé ìgbafẹ́ kan á ra ogún kílò, ọgbọ̀n kílò, á ní kí o máa bọ̀ wá gba owó lọ́la. Àwìn ló ń pa ẹni tó ń ta tìkara rẹ̀. Èmi, owó lọ́wọ́ ni mo fi ń kó o.

Ìyá Ìbejì Ìlíṣàn
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ó yà mí lẹ́nu pé ẹ sọ ọ́ bíi pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Ìyá, ẹ má ta gbogbo rẹ̀, ẹ má sì bọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ fa àwọn ńlá jáde kí ẹ tà wọ́n, kí ẹ fi owó wọn bọ́ àwọn tó kù.

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ẹja 250 nínú rẹ̀ ló ti ju gíráàmù 800 lọ, ká fi 850 ṣírò. Kílò 212 nìyẹn. Ẹja tó tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ ní ₦2,600, ká ní wọ́n rà á ₦2,800: ó lé díẹ̀ ní ₦590,000. Ìyẹn ra àpò 19. Ẹ fi kún mẹ́wàá tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ó di 29. Nínú omi, 550 ló kù, kílò 268, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì kílò. Kí wọ́n tó di kílò kan, wọ́n nílò kílò 282 sí i, lórí 1.4, oúnjẹ kílò 395, àpò 26 tàbí 27. Owó ilé ìwé kò ní í wọ inú rẹ̀ rárá. Àwọn kéékèèké pàápàá á rí ààyè jẹun, torí àwọn ńlá ló ń ti wọ́n kúrò nídìí oúnjẹ.

Àfikún kan fún àwọn tó wà ní apá Rẹ́mọ bíi tèmi. Ní Ìlíṣàn níbí, Yunifásítì Babcock jẹ́ ti ìjọ Adventist, àwọn ọmọ ìjọ náà kì í sì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún wọn, ẹpìyà ni kó bọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kòtò ẹpìyà kan lọ́tọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti àrọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ náà kò tó ti àrọ̀.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè
Àǹtí Ìlíṣàn, mo fara mọ́ ọ̀nà yín ju ti gbogbo wa lọ. Ohun kan péré ni: kì í ṣe gbogbo àwọn 550 yẹn ló máa dé kílò kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kékeré ni àbùdá wọn. Bó o fún wọn ní gbogbo oúnjẹ Ìjẹ̀bú, wọn ò ní í dé ìdajì kílò. Irú èyí ni kí ìyá yọ fún àwọn tó ń yan ẹja.

Ti ẹpìyà náà, ẹ ṣọ́ra. Wọ́n máa ń bímọ sínú kòtò kí wọ́n tó tóbi, ọmọ á kún, oúnjẹ ò ní tó, kò sí èyí tó máa tóbi. Akọ nìkan ló yẹ kí a kó sí i, tàbí kí a fi àrọ̀ díẹ̀ sí i láti máa gbé àwọn ọmọ náà mì.

Ìyá Ìbejì Ìlíṣàn
Bẹ́ẹ̀ ni, akọ ni mo ń rà, mo sì fi àrọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ ṣeun.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ ń sọ gbogbo èyí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ibi tó ń dun àgbẹ̀. Nínú ₦10 tí a bá ná lórí àrọ̀, ₦6 sí ₦7 ni oúnjẹ ń kó lọ. Ẹ lọ oúnjẹ yín fúnra yín! Àgbàdo, sóyà, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ lílọ̀, fítámì, òróró díẹ̀. Ká ní kílò rẹ̀ bọ́ sí ₦1,300 nígbà tí ẹ bá ti san owó ẹ̀rọ. ₦700 ti kúrò lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogún ọdún tó bá ní agbára lè ṣe é.

Oníṣirò Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe iye kílò oúnjẹ ló ṣe pàtàkì, iye oúnjẹ tó ń di kílò ẹja kan ni. Ti ilé ìtajà, ₦2,000 lọ́nà 1.3, ₦2,600 ni ẹran kílò kan ń jẹ. Tiyín, bí ẹja bá ní láti jẹ kílò méjì kí ó tó fi kílò kan sanra, ₦1,300 lọ́nà méjì, ₦2,600 náà ni. Ẹ ò jèrè kọ́bọ̀, ẹ tún ti lọ̀ ọ́, ẹ ti sá a. Àfi tí oúnjẹ yín bá lè mú un wá sí 1.6, ìgbà yẹn ló di ₦2,080, owó gidi nìyẹn.

Ohun tó ń fa 2 náà ni pé ti ilé máa ń rì. Èyí tó ń léfòó, ẹ ń rí i lójú omi; ìgbà tí ẹja bá fi í sílẹ̀ ni ẹ̀yin náà á dáwọ́ dúró. Èyí tó rì, ta ló mọ̀ bóyá ẹja jẹ ẹ́ àbí ẹrẹ̀ ló jẹ ẹ́?

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó
Mo gbà. Ìdí tí mi ò fi ń dà á káàkiri nìyẹn. Ojú kan ni mo ti ń fún wọn, mo fi àpótí onígi pẹlẹbẹ kan so mọ́ okùn, mo rì í sí ẹsẹ̀ bàtà méjì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún mo á fà á sókè wò. Tí ìyókù bá wà nínú rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo á dín in. Mo sì ń yan sóyà kí n tó lọ̀ ọ́. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹja. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé oúnjẹ ilé kò dáa, sóyà tútù ni wọ́n lọ̀. Fún ẹja ìyá tó ti tó 600, mo gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n fi tilé dàpọ̀ mọ́ ti ọjà, ìdajì-ìdajì. Fún ọmọ ẹja, mi ò ní í dámọ̀ràn rẹ̀ láéláé, torí àwọn yẹn ń fẹ́ purotéènì tó tó ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣọlá Ìpẹru
Kí ló dé tí ẹ̀ ń pàdánù owó? Ẹ lọ sí ọgbà adìẹ tó wà nítòsí, kí ẹ gba òkú adìẹ, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ gé e. Ọ̀fẹ́ ni. Àrọ̀ ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ iyán.

Ìyá Ìbejì Ìlíṣàn
Ṣọlá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má kọ́ àwọn èèyàn ní eléyìí. Adìẹ tó kú, o ò mọ àrùn tó pa á, èèyàn ló sì máa jẹ ẹja yẹn. Ọ̀rá rẹ̀ á bo ojú omi, omi á máa rùn, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí sókè láàárọ̀ kùtù. Àwọn tó ń rà náà mọ̀ ọ́n: wọ́n á la ikùn ọ̀kan, wọ́n á rí ìyẹ́ níbẹ̀, wọn ò ní í padà sọ́dọ̀ rẹ mọ́, wọ́n á sì sọ fún ẹlòmíràn.

Ọlọ́jà Sábó
Òótọ́ pọ́ńbélé. Ọ̀rá irú ẹja bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ lábẹ́ ikùn, tí wọ́n bá sè é, ọbẹ̀ á máa rùn. Mi ò kì í rà á.

Aláyan Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti yíyan, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa tó sọ fún ìyá pé kó yan gbogbo rẹ̀. Kílò ẹja tútù mẹ́rin ló ń di kílò kan gbígbẹ, nígbà mìíràn mẹ́ta àbọ̀, ó kù sí bí ẹ ṣe gbẹ ẹ́ tó. Ẹja tí ẹ lè tà ní ₦2,600 ní tútù, ẹni tó bá yan án gbọ́dọ̀ ta kílò gbígbẹ rẹ̀ ju ₦10,400 lọ kó tó ka èédú, iyọ̀, páálí àti òógùn ojú. Kí ẹ tó yan ọ̀kan, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń rà á lọ́jà.

Ẹni tó ní oníbàárà fún un, ó dáa gan-an, torí ẹja gbígbẹ kò ní kí o tà á lónìí dandan. Ẹ̀yin tó ń se ìkọ́kọrẹ́ mọ̀ pé ewùrà láìsí ẹja gbígbẹ kò dùn. Àwọn ará wa ní Èkó ń ránṣẹ́ wá gbà á. Ẹ̀rọ ìyanja tí àwọn NSPRI Ìlọrin (ilé ìwádìí ìjọba lórí títọ́jú irè oko) ṣe dín èédú kù gan-an ju agbada lọ, ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dá owó ra ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹja oní-600 kò dáa fún un gẹ́gẹ́ bí Ìyá Sábó ṣe sọ. Ìta á ti gbẹ, ẹ̀gbẹ́ egungun á ṣì tutù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì á hu ìkasì. Àfi kí ẹ là á sí méjì láti ẹ̀yìn.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ayépé
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi létí. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Ìlíṣàn wọ̀ wá lọ́kàn: a máa fa àwọn ńlá. Ìbéèrè mi kù méjì. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà ra oúnjẹ ní ẹ̀dínwó? Kí ni mo sì máa ṣe sí òjò tí bàbá sọ?

Bàbá Odògbolú
Ẹ fi amọ̀ gbé etí kòtò sókè kí ó ga ju ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá lọ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ó kéré tán, kí ẹ gbin koríko sí i kí ó má bàa ya. Ẹ ri páìpù sí ẹ̀gbẹ́ tí omi á máa gbà jáde, kí ẹ fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ na àwọ̀n yí kòtò ká lórí igi, kí àwọ̀n náà wọ inú ilẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn á dá awọ́nrínwọ́n dúró pẹ̀lú. Èmi ṣì rò pé kí ẹ tà á, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣe èyí, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀.

Abọ́mọẹja Ìlàpòrú
Lórí oúnjẹ: ẹni kan tó ń ra àpò mẹ́wàá kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ẹ wo abúlé àgbẹ̀ ẹja tó wà ní Eriwe, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Kòtò wọn wà lójú kan, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tó bá sì ń wá ẹja púpọ̀ mọ ibi tóun á gbé ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Ayépé àti Odògbolú tó ń bọ́ ẹja, ẹ kó ara yín jọ, kódà kó jẹ́ èèyàn mẹ́fà, kí ẹ máa ra oúnjẹ pa pọ̀ lọ́wọ́ olùpín tó ń kó o láti ilé iṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo yín fa ẹja lọ́sẹ̀ kan náà. Ibi tí kòtò bá ti pọ̀ lójú kan, tí gbogbo wọn bá ti ṣetán pa pọ̀, alájàpá ló máa dá iye.

Ọmọ Ìta Ọ̀ṣín
Àti òṣùwọ̀n! Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n tiwọn nìkan wọn ẹja yín. Ẹ gbé àpò oúnjẹ kan tí ẹ ò tíì tú dé ibẹ̀, kílò 15 ló wà lára rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ẹja kankan, ẹ ní kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn gbé àpò yẹn. Tó bá kà á sí 13, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀.

Ọlọ́jà Sábó
Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ pé òṣùwọ̀n òun tọ̀nà kò ní í bínú. Kí ìyá náà rántí pé wọn kì í fún ẹja lóúnjẹ ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ fà á. Oúnjẹ tó wà ní ikùn rẹ̀, inú ọkọ̀ ló máa pọ̀ ọ́ sí, omi á bàjẹ́, ẹja á kú kó tó dé Ṣàgámù, ẹja tó kú sì kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú ààyè.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè
Wákàtí 24 tó láti fi dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ mẹ́ta bí àwọn alájàpá kan ṣe máa ń ní kí ẹ ṣe, torí ẹja á rù lọ́wọ́ yín, wọn ò sì ní í san owó kílò tó dín. Kùtùkùtù kí oòrùn tó mú ni kí ẹ fà wọ́n. Àwọn tí ẹ bá fẹ́ dá padà sómi, kí wọ́n má pẹ́ nínú báàfù, kí ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kí ẹ tó tún fún wọn lóúnjẹ; wọn ò ní í jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, á kàn rì ni.